Amọ̀ Funfun Tó Gbé Omi Àkùrọ̀ Wa Ró

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì nípa iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo kí yín o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ló dá mi dúró níwájú mọ́ṣáláṣí wa ní Òwu lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé èrè wà nínú oko ẹ̀ẹ̀rùn, pé ṣé kí òun wọ̀ ọ́. Mo ní kó jókòó. Ó ní òun ń kánjú, kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Iṣẹ́ tí mo fi ìgbà èwe mi ṣe, tí mo fi ìgbà àgbà mi ṣe, tó ba orúnkún mi jẹ́, ó ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ìgbà tí mo délé ni ó wá ń dùn mí pé n kò dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá ń kánjú, kó tètè dìde báyìí.

Àkùrọ̀ ni iṣẹ́ mi. Fún ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro, àkùrọ̀ ni ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ lẹ́bàá odò, tí omi kì í jìnnà sí ojú rẹ̀. Nígbà òjò, ẹsẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ síbẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko òkè bá ti gbẹ, tí àwọn àgbẹ̀ yòókù ti káwọ́ lẹ́rán tí wọ́n ń wojú ọ̀run, ìgbà náà ni tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ata, tòmátì, àgbàdo tútù, ohun tí gbogbo ayé ń jẹ nígbà òjò, àwa là ń pèsè rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀fọ́ tútù ní oṣù Kejì, kó mọ̀ pé ẹnì kan ló ru omi rẹ̀.

Ọmọ Òwu ni mí. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá, ilé wa wà ní ìgboro, oko wa wà ní abúlé, lẹ́yìn Owódé. Nílé la ti ń gbéyàwó, nílé la ti ń sìnkú, oko la ti ń jẹun. Aṣọ ni bàbá mi ń tà, ó sì fẹ́ kí èmi náà máa tà á, àmọ́ orí mi kò gba òwò. Mo máa ń ta ọjà ní iye tí a rà á, inú oníbàárà á dùn, inú bàbá mi á bàjẹ́. Nígbà tó sú u, ó mú mi lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń dáko ní Owódé. Ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń san fún mi. Wọ́n ń bọ́ mi, wọ́n ń dá aṣọ fún mi ní ọdún iléyá, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, Ìyá Alákùrọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, wọ́n ní kó padà sí ìgboro wá jókòó ti àwọn ẹbí, ó ní tí òun bá jókòó, ta ni yóò máa bomi rin oko òun. Obìnrin gíga ni, ó tinrín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Tí inú bá ń bí ẹlòmíràn, ariwo ló ń pa. Ìyá kì í pariwo. Á kàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà á sì wúwo ju ẹgba lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nípa rẹ̀, nítorí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́ níkẹyìn.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irúgbìn kankan. Omi ni mo ń ru. Akèrègbè la fi ń bomi rin nígbà náà, a ó dá ihò wẹẹrẹ sí i lẹ́nu kí omi lè máa wọ́n bí òjò. A ní láti bomi rin kí oòrùn tó yọ, a ó tún bomi rin lẹ́yìn ìrun Àsárì. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n ṣe é ní ọ̀sán kí n lè ráyè lọ wo bọ́ọ̀lù. Ìyá bá mi níbẹ̀.

Ó ní, "Kí lò ń ṣe?"

Mo ní, "Ìyá, mò ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ ni."

"Sísè lò ń sè é. Ewé tí o bá da omi sí lórí lábẹ́ oòrùn yìí, o ti sè é. Kí o lọ wá iyọ̀ àti epo sí i, kó o jẹ ẹ́."

Ó sì fi mí sílẹ̀ láìjẹun alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní mo ti jẹ tẹ̀tẹ̀. Nígbà mìíràn, tí mo bá bomi rin tán, á ti ìka rẹ̀ bọ ilẹ̀. Tí ìka náà bá jáde tí ìdí rẹ̀ tutù tí orí rẹ̀ gbẹ, mo gbé nìyẹn. "O fi omi tan ilẹ̀ jẹ," á wí bẹ́ẹ̀. "Kì í ṣe èmi lò ń tàn o." Màá tún bẹ̀rẹ̀ láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún lọ́pọ̀ ìgbà. Lónìí, kò sí ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ tí kì í ṣe ìka obìnrin yẹn ló kọ́ mi.

Lẹ́yìn mi ni Làsísì dé. Ọmọ Ìjemọ̀ ni, ìyá rẹ̀ àti Ìyá Alákùrọ̀ jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kékeré. Ẹgbẹ́ ni wá, orí ẹní kan náà la ń sùn. Kí n má purọ́, ó já fáfá jù mí lọ. Ohun tó ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ṣe é. Ó lè mú Ìyá rẹ́rìn-ín, àwa yòókù kò tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jowú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè jowú Làsísì pẹ́? Á ti sọ̀rọ̀ kan tí wàá fi gbàgbé.

Òfin méjì ló wà ní àkùrọ̀ wa, tí a bá àwọn baba wa níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ló ń kọ́kọ́ pọnmi láàárọ̀, ẹni tó wà lókè jù ló ń pọn kẹ́yìn. Àlejò á máa rò pé a ti yí i po. Kò yí po rárá. Omi tí ẹni òkè bá pọn kò lè dé ìsàlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹni ìsàlẹ̀ bá pọn ti kọjá lára ẹni òkè tẹ́lẹ̀. Tí ẹni ìsàlẹ̀ bá ti rí tirẹ̀, ìjà kò sí.

Òfin kejì jẹ mọ́ amọ̀. Olúkúlùkù ń gbẹ́ kòtò omi sí àárín oko rẹ̀. Tí ọkọ́ bá ti kan amọ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀, o gbọ́dọ̀ dúró. Bí omi tó wà lórí amọ̀ náà kéré, kó o fara mọ́ ọn, o kò gbọ́dọ̀ la amọ̀ kọjá. Làsísì kò gbà. Ó ní tí omi bá wà lókè amọ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan tí Ìyá lọ sí ọjà Owódé, ó fi ọkọ́ gún amọ̀ náà wò. Ìyá dé, ó rí i, ó wọ inú kòtò náà tòun ti aṣọ ọjà lára rẹ̀.

Ó ní, "Làsísì, ìkòkò tí ẹ fi ń mumi nílé yín, tí o bá lu ìdí rẹ̀, ṣé omi púpọ̀ sí i ló máa wọ inú rẹ̀?"

Làsísì ní, "Rárá, Ìyá."

"Amọ̀ yìí ni ìdí ìkòkò. Gbogbo wa là ń mu nínú rẹ̀."

Ó ní kí àwa méjèèjì lọ bu amọ̀ wá. A fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ti àwọn tó ń mọ ilé alámọ̀, títí tó fi yọ̀ bí àmàlà gbígbóná, a sì fi dí ojú ihò náà. Ìyà ti Làsísì ni, mo jẹ nínú rẹ̀, nítorí pé mo dúró wò ó.

Báyìí la ṣe kọ́ṣẹ́. Nígbà tí a gba òmìnira, Ìyá bá wa bẹ onílẹ̀. Èmi gba ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀, Làsísì gba ti òkè pátápátá, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Ọdún wọ̀nyẹn dára o. Òjò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ àti ìgbà tó yẹ kó padà. Tí a bá ti rí lékèélékèé lọ́pọ̀ yanturu, a ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Ọyẹ́ á dé, á fẹ́, á lọ. Tí kùrukùru òwúrọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, tí ooru ọ̀sán ń fúnni lórí, òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́. Ata á so títí ẹ̀ka rẹ̀ á fi máa wólẹ̀, a ó fi igi tì í. Àwọn alájàpá á kó apẹ̀rẹ̀ wọn dúró láti àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n á máa bá ara wọn jà lórí tòmátì tí kò tíì kúrò lórí igi. Ibẹ̀ ni mo ti rí owó fẹ́yàwó, tí mo fi sin bàbá mi bó ṣe yẹ.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Akèrègbè lọ, agolo onípáànù tó lẹ́nu bí asẹ́ dé. Èjìká wa sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi dé, èyí tí a ń pè ní pọ́ǹpù, tó ń mu epo bẹntiróòlù tó sì ń tu omi láti ẹnu róbà gígùn. Làsísì ló kọ́kọ́ rà á ní gbogbo agbègbè wa. Ọjọ́ tó tan án, a fi iṣẹ́ sílẹ̀ a lọ wò ó. Omi tí mo máa fi odindi òwúrọ̀ rù, róbà náà tu ú kí n tó yíjú. Ìyá fi ọwọ́ gba omi náà, ó wẹ ojú, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Làsísì, ọwọ́ ẹ kò níí rọ."

Ó ní, "Àmín, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n wá máa fi bomi rin tiyín náà."

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ burúkú ni. Pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ náà, ó pa òfin mọ́. Á jókòó ti pọ́ǹpù rẹ̀ láàárọ̀, á máa wo ìsàlẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn nínú wa á fi gbé agolo kalẹ̀, kó tó tan án. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn la lò bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà.

Ọdún burúkú náà wá dé. Òjò kásẹ̀ nílẹ̀ kí àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì tó gbó. Àgbàdo oko òkè yọ irùkẹ̀rẹ̀, kò lọ́mọ nínú. Ilẹ̀ le débi pé ẹni tó bá fa ẹ̀gẹ́, igi ló máa já sí i lọ́wọ́, ẹ̀gẹ́ náà á wà nínú ilẹ̀. Ọyẹ́ dé ṣáájú ìgbà rẹ̀, ó sì kọ̀, kò lọ. Ètè wa là, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fà ya, eruku dúró sójú ọ̀run tí a fi lè wo oòrùn láìṣẹ́jú. A rò pé àkùrọ̀ máa gbà wá. Gbogbo Owódé ló ń wo ọwọ́ wa nítorí pé kò sí ẹ̀fọ́ níbòmíràn. Ata wa ti tanná, ó ń so. Ohun tó kù ni kí omi tó wà nílẹ̀ gbé e dé ìkórè.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kí àwa ti ìsàlẹ̀ tó pọn tán láàárọ̀, Làsísì á rí pé kò sí nǹkan tí róbà rẹ̀ lè mu mọ́. Ó fara dà á. Ata rẹ̀ ń rọ lójú rẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, kò lè fara dà á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ẹ̀rọ ní ìdájí, kí a tó dé. Bí àwa náà bá dé, ẹrẹ̀ la ń bá.

Ìyá ní kí gbogbo wa pàdé lábẹ́ igi mọ́ńgòrò. A pàdé. Ìyá ti darúgbó nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dáko.

Ó ní, "Làsísì, omi kò dé ìsàlẹ̀ mọ́."

Làsísì kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá. Ẹ má bínú. Tí mo bá pa ẹ̀rọ, ata tèmi á kú. Tí mi ò bá pa á, ata tiyín á kú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ sọ fún mi, ata ta ni kó kú?"

Kò fi ìwọ̀sí sọ ọ́. Ẹkún wà lóhùn rẹ̀. Ìyá ti ọ̀pá rẹ̀ bọ ilẹ̀, ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ ilẹ̀.

Ó ní, "Tèmi. Tèmi ni kó kú."

Ó wá sọ èrò rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa fi oko ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún yìí, kó gbẹ. Kí gbogbo wa gòkè lọ, ká jùmọ̀ fi ìwọ̀nba omi tó kù tọ́jú ata Làsísì nìkan, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi kọ́kọ́ ń dé, kí ẹ̀kán omi kan má bàa ṣòfò. Tí a bá kórè, kí a pín in kárí ilé kọ̀ọ̀kan. Làsísì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó ní, "Mo gbà, Ìyá. Mo fi Ọlọ́run búra, ìpín kan ni kí ẹ fún èmi náà."

Sùbérù ló dìde. Oko rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi, ó dàgbà jù wá lọ, kì í sì í ṣe òpònú. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Ọmọ tí mo fojú rí níbí tó ń ru omi, èmi kò lè di lébìrà rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ ìkórè, oko rẹ̀ ni, ata rẹ̀ ni. Ta ló máa jẹ́rìí fún mi?"

Mo ní, "Èmi máa jẹ́rìí."

Ó wò mí. "Ìwọ? Ọmọ Ìyá nìwọ náà."

Wọ́n ń kùn wọ̀ọ̀. Ìyá bẹ̀ wọ́n, Ìyá tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Wọn kò gbà. A tú ká. Láti ọjọ́ náà, kálukú ń gbẹ́ kòtò tirẹ̀ sí i, kálukú ń fi abọ́ họ omi ìdí rẹ̀, òfin kò sí mọ́. Omi ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń sá fún róbà Làsísì. Ó gbẹ́ kòtò rẹ̀ dé orí amọ̀ funfun. Róbà náà fa omi díẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́. Ó tún gbẹ́ ẹ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsùbáà tán ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sáré bọ̀. Làsísì ni, láìwọ bàtà.

Ó ní, "Múfútáù, omi ti lọ."

Mo ní, "Ó lọ síbo?"

"Ó lọ sísàlẹ̀."

Mo sáré lọ sí etí kòtò náà. Ó ti la amọ̀ já. Mo rí bó ṣe nípọn tó, kò nípọn rárá, kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Iyanrìn pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbẹ, ó rí múlọ́múlọ́. Gbogbo omi tí amọ̀ náà ti gbé ró fún wa láti ìgbà àwọn baba wa, iyanrìn yẹn mu ún ní òru kan. Bí a ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ wò, kòtò lẹ́yìn kòtò, ìdí wọn ti ń sán.

Ìyá dé. Ó wo inú kòtò náà. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ìbàdí, ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó ní ká gbé òun sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. A bu amọ̀, a tẹ̀ ẹ́, a dí i. Sùbérù náà tẹ̀ ẹ́. Làsísì ru amọ̀ lọ́jọ́ náà bíi pé ó fẹ́ fi pa ara rẹ̀. A dí ihò náà, ṣùgbọ́n kí la dí mọ́? Omi tó ti lọ ti lọ.

Ata náà kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ewé kọ́kọ́ rọ, ìtànná já bọ́, èso rẹ̀ wá funfun lórí ẹ̀ka láìpọ́n. Tòmátì jinná sórí ilẹ̀ bí ohun tí a bọ̀. Tẹ̀tẹ̀ di igi. Ibi tí a ti máa ń kó ẹrù kún ọkọ̀, a kò rí ohun tó kún apẹ̀rẹ̀ kan. Mo bú sẹ́kún nínú oko mi, àgbàlagbà ọkùnrin, ojú kò tì mí.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún Làsísì. Àwọn tó kọ̀ láti bá a pín omi ni ohùn wọn lọ sókè jù. Ìyá wọ inú ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti kékeré, mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é, pé tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣe é, kì í lè sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Làsísì wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, ó tún wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń pè é, "Ìyá, ẹ dákun. Ìyá, ẹ nà mí." Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ní, "Múfútáù, o mọ̀ pé tí inú bá ń bí i, kì í pariwo."

Nígbà tí Ìyá máa fi ṣílẹ̀kùn, Làsísì ti lọ. Ó fi pọ́ǹpù náà sílẹ̀ nínú oko.

Ìyá wo òkè wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Làsísì dà?"

Mo ní, "Ìyá, ó ti lọ."

Ó ní, "Lọ pè é wá." Mo lọ sí Ìjemọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ó sọ pé Kọ̀tọ̀nú ni òun ń lọ, pé òun kò lè gbé ilẹ̀ yìí mọ́. Mo padà, mo jíṣẹ́. Ìyá jókòó sílẹ̀. Kò tún bi mí mọ́.

Òjò rọ̀ níkẹyìn, odò padà, koríko hù. Àmọ́ àkùrọ̀ wa kò padà sípò. Bóyá a kò dí gbogbo ibi tó là, bóyá àwọn mìíràn ti gún amọ̀ níbi tí a kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kò ní tíì dé ìdajì tí kòtò á ti gbẹ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni bọ́hóòlù dé. Lónìí, ilẹ̀ tí mo yá ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó ti gbẹ́ bọ́hóòlù sí i, ó to róbà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ tó ń kán omi tó, tó, tó sí ìdí ata kọ̀ọ̀kan. Fóònù rẹ̀ ló ń sọ fún un bóyá òjò ń bọ̀. Ó máa ń purọ́ fún un nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lékèélékèé náà ti ń purọ́ báyìí, òjò kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Ó ń kórè ju bí mo ṣe ń kórè lọ, mo sì ń bá a yọ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ padà sí akèrègbè o. Iṣẹ́ náà dára. Ẹni tó bá lè jí ní kùtùkùtù, tí kò bínú sí oòrùn, á jẹun níbẹ̀. Kò sí omi tó lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn kí ẹ tó gbé ọkọ́.

Ìyá gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i kó tó papò dà. A gbé e wálé, a sin ín sí Òwu.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí bàbá arúgbó kan dúró níwájú mi. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun balau. Ó kí mi, mo dáhùn, n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Múfútáù, ojú rẹ kò ríran mọ́ ni?" Nígbà tó rẹ́rìn-ín ni mo mọ̀ ọ́n. A dì mọ́ra wa. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n mú òun lọ sí Owódé.

A dúró sí ìsàlẹ̀ àkùrọ̀, níbi tó jẹ́ oko Ìyá tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Kí ló sọ nípa mi kó tó kú?"

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, Làsísì."

Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá fi ọwọ́ hàn án. Mo ní, "Ṣé o rántí ebè kékeré tó fún ọ níbí yìí nígbà tí a ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́? Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́yìn tí o lọ, ó ń bomi rin ín. Pẹ̀lú bí omi ṣe ṣọ̀wọ́n tó, ebè tìrẹ ló kọ́kọ́ ń bomi rin kó tó kan tirẹ̀."

"Kí ló gbìn síbẹ̀?"

"Kò gbin nǹkan kan. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń bomi rin. Ó ní tí òun bá jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ jù, ọjọ́ tí olóhun bá padà dé, ọkọ́ kò ní wọ̀ ọ́."

Làsísì jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Mo jókòó tì í. Ó sunkún, n kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Nígbà tó rọlẹ̀, mo bi í bí Kọ̀tọ̀nú ṣe rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ó ní, "N kò dé Kọ̀tọ̀nú rí. Owó ọkọ̀ mi kò tó. Ṣàgámù ni mo sọ̀ sí, ibẹ̀ ni mo wà títí dòní. Ata Owódé ni ìyàwó mi máa ń rà."

Ṣàgámù. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Owódé láàárọ̀, á dé ibẹ̀, á kí ènìyàn, á sì padà wá kírun ọ̀sán nílé.